Àgbàdo Sáàárín Ẹ̀kan: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lórí Hẹ́kítà Kan

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn ìgbìn ni Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè mí wá sóko. Àgbàdo tó yẹ kó ti ga jù mí lọ kò kọjá àyà mi. Ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú láti ṣóńṣó rẹ̀ bọ̀ sí àárín, èyí tó sì tún gbìyànjú yọ ọmọ nínú wọn, ọmọ ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò lọ. Láàárín wọn ni koríko ẹ̀kan dúró ṣánṣán, tó ń dán, àfi bíi pé òun gan-an ni wọ́n gbìn.

“A ti ro ó lẹ́ẹ̀mejì o,” Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ kí n tó la ẹnu. “Má wulẹ̀ sọ pé a ò roko.”

Mi ò sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ìdí àgbàdo kan mú, mo fà á. Wẹ́rẹ́ ló tú, bẹ́ẹ̀ àgbàdo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kò yẹ kó tú wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, a rí gbòǹgbò ẹ̀kan kan, funfun, tó gùn tó ìka méjì tí a fi so ara wọn, tí orí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ó ti wọ inú gbòǹgbò àgbàdo náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Bọ̀dá, ó gún un,” ni ọmọ Ẹ̀gbọ́n wí.

Ó gún un lóòótọ́. Bí ẹ̀kan ṣe ń ṣe nìyẹn. Kì í yà fún ohun tó bá pàdé lábẹ́ ilẹ̀.

Ohun tí wọ́n ti ṣe kí n tó dé

Mo jókòó ti Ẹ̀gbọ́n lábẹ́ igi, mo ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sórí ilẹ̀ yẹn fún mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Mo ti bá àgbẹ̀ rìn tó láti mọ̀ pé ibi tí èpò ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí ẹni kì í sábà jẹ́ ibi tí ẹni náà ti rí i.

Ilẹ̀ náà ti sinmi fún ọdún mélòó kan kí ó tó kàn wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iná ń jó o. Ìyẹn nìkan tó láti fi ẹ̀kan jọba níbẹ̀. Iná a máa pa igi kéékèèké àti ewéko tó lè ṣíji bò ó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀kan wà nísàlẹ̀, ooru iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kódà iná máa ń ta á jí láti yọ òdòdó. Nǹkan funfun bí òwú tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri nígbà náà, irúgbìn rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún sun ún, wọ́n sì pe katakata. Katakata túlẹ̀, ó padà wá fọ́ ọ, ilẹ̀ mọ́ bí ìta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Inú wọn dùn sí i, àwọn aládùúgbò sì wá wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Gbòǹgbò ẹ̀kan ní oríkèé bíi ti ìrèké, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tó lè hù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, níbi tí irin katakata ń gbà kọjá gẹ́lẹ́. Tí irin bá ké e sí wẹ́wẹ́ nínú ilẹ̀ tútù, a ti gbin ẹ̀kan nìyẹn, a tún gbìn ín lọ́nà tó tò. Ká ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n túlẹ̀, tí wọ́n ń yí i léraléra kí oòrùn lè gbẹ gbòǹgbò náà, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọjọ́ tí katakata ráyè ni wọ́n túlẹ̀, òjò sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kẹta.

Wọ́n gbin àgbàdo ní mítà kan sí mítà kan, hóró mẹ́ta nínú kòtò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 30,000 igi àgbàdo lórí hẹ́kítà kan bí gbogbo rẹ̀ bá tiẹ̀ hù, àyè tó sì wà láàárín kòtò méjì pọ̀ débi pé oòrùn ń kan ilẹ̀ tààrà títí àgbàdo fi yọ ọmọ. Lọ́jọ́ kejì ìgbìn, wọ́n fọ́n oògùn apakoríko tó ní atrazine. Ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ yẹn, òjò kò sì rọ̀ fún bí ọjọ́ mọ́kànlá. Atrazine nílò omi tí yóò gbé e wọnú ilẹ̀ lọ bá èpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù láti ara èso. Ti pé ẹ̀kan kì í hù láti ara èso nìkan, tó jẹ́ pé gbòǹgbò tó ti dàgbà ló ń ti í jáde, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ká tiẹ̀ ní òjò rọ̀, oògùn yẹn kò ní ṣe ẹ̀kan ní nǹkankan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fọ́n fàtíláísà káàkiri oko bí ìgbà tí èèyàn ń fọ́n ọkà fún adìyẹ. Mo bi wọ́n pé àwọn wo ló wà lórí ilẹ̀ nígbà náà láti jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀kan náà ni.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ríro: ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àti ọ̀sẹ̀ kẹjọ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti pẹ́ jù

Ibí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé ibí ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àríyànjiyàn, ibí náà ni mo sì gbà pé oko yẹn ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ju ibi ti katakata lọ.

Lójú Ẹ̀gbọ́n, èpò kò tíì di wàhálà nígbà tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbòmíràn láti wá ro èpò tí kò tíì dé kókósẹ̀. Ó dà bí ọgbọ́n, gbogbo wa la sì ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò dúró de ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó tó pinnu bí yóò ṣe dàgbà. Láti ìgbà tó bá ti ní ewé mẹ́ta ló ti ń mọ̀ pé òun ní ẹnìkejì nítòsí. Ewé tútù máa ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́ra, ó sì máa ń da irú ìmọ́lẹ̀ mìíràn, èyí tó kọjá pupa tí ojú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rí, padà síta. Àgbàdo ní ohun tó fi ń mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Tí èyí tí èpò ń da padà bá pọ̀ lára rẹ̀, yóò gbà pé wọ́n fẹ́ ṣíji bo òun. Yóò máa na ìdí sókè, yóò sì dín gbòǹgbò kù. Èpò náà lè má tíì mu omi rẹ̀ ní ẹ̀kún ṣíbí kan nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àgbàdo ti yí ìwà padà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, láti ewé kẹta títí di bí ewé kẹjọ tàbí ìkẹwàá ni àgbàdo kò gbọ́dọ̀ rí èpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ti kọjá ibẹ̀ láìsí ìdíwọ́, òjìji tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀, èpò tó bá hù lẹ́yìn náà kò ní mú nǹkan púpọ̀ kúrò nínú ìkórè. Tí a bá fi ọ̀sẹ̀ kà á, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni. Ṣùgbọ́n èmi kì í fi ọ̀sẹ̀ kà á, torí pé òtútù, ọ̀dá àti irú irúgbìn lè yí ọ̀sẹ̀ padà. Mo mú ọmọ Ẹ̀gbọ́n lọ sí ibi àgbàdo kan tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ewé: èyí tí ìlà funfun ọrùn rẹ̀ ti hàn, níbi tí ewé ti kúrò lára igi, òun ni kó kà. Èyí tó ṣì ká bí ìwé láàárín kò sí nínú ìṣirò. Ó kà á, ó ní mẹ́rin. Mo ní kó tún un kà, ó ní márùn-ún, torí pé ewé àkọ́kọ́ tí orí rẹ̀ rí roboto ti fẹ́ gbẹ, ó sì fò ó. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyẹn.

“Nítorí náà, ríro kan ní ìgbà tó yẹ sàn ju méjì tí a ṣe?” ni Ẹ̀gbọ́n bi mí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni.” Lọ́dọ̀ ẹ̀kan ńkọ́? Mo ní ìyẹn ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ti ní oògùn tirẹ̀ lọ́kàn: glyphosate, kí wọ́n fọ́n ọn bí ẹ̀kan bá ti hù dáadáa, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ oko náà, ibẹ̀ ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń pọnmi, wọ́n sì ti pinnu pé lẹ́yìn atrazine ti ọdún yẹn, àwọn kò ní fọ́n nǹkankan mọ́ lórí ilẹ̀ náà. Atrazine máa ń bá omi wọlẹ̀ lọ sí omi abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi kọ̀ láti tún fọwọ́ sí i ní 2004.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń pe gbogbo oògùn ní májèlé tí wọ́n á sì lọ sùn. Glyphosate máa ń bá oje ewé sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ó sì ń pa ẹ̀kan ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. Ká ní Ẹ̀gbọ́n gbà, tí wọ́n sì jìnnà sí odò dáadáa, tí wọ́n sì wọ aṣọ tó yẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó gbin ewéko tí yóò bo ilẹ̀ ì bá gé iṣẹ́ wa kúrú. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni gbólóhùn “kí ọ̀rọ̀ parí” yẹn. Ní 1996 ni wọ́n ti jẹ́rìí sí i ní Ọsirélíà pé koríko kan tí wọ́n ń pè ní Lolium rigidum kò kú mọ́ bí wọ́n bá fọ́n glyphosate sí i. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, irú tẹ̀tẹ̀ kan pẹ̀lú ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi oògùn kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́ lọ́dọọdún ló fa á. Wọ́n fúnra wọn ṣa èyí tí kò kú, wọ́n fi sílẹ̀, ó bímọ.

A gbà pé kò sí oògùn. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n fajú ro fún ọjọ́ méjì, mo sì mọ ìdí: òun ló máa di ọkọ́ mú.

Mùkúnà

Àgbàdo tó wà nílẹ̀ ti lọ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ṣì kù bí oṣù méjì àtààbọ̀. Mo ní kí a má fi òjò yẹn ṣòfò.

Mo dá a lábàá pé kí a gbin mùkúnà sáàárín àgbàdo náà. Ẹ̀gbọ́n bi mí kí ni mùkúnà. Mo ní ẹ̀wà kan ni, ó bá wèrèpè tan.

“Wèrèpè!” Wọ́n dìde. “Àbúrò, ṣé ẹ̀kan ò tó ni? O tún fẹ́ kí n máa họra títí ilẹ̀ á fi ṣú?”

Ó gbà mí ní ìdajì wákàtí kí wọ́n tó gbà pé èyí tí wọ́n ń gbìn lóko kò ní irun tó ń yún ara. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú pé èso rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni máa kó lọ sílé lọ sè bí ẹ̀wà mìíràn. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní L-dopa wà nínú rẹ̀, ó sì lè da inú àti orí èèyàn rú. Mo sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá máa wọ oko náà, lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kan kò fẹ́ràn òjìji rárá. Nǹkan kan tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ tòótọ́ nìyẹn. Àdá kò rí i bá, ọkọ́ ń ran án lọ́wọ́, iná ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí ewé mìíràn bá bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, yóò máa jẹ ohun tó kó pamọ́ sínú gbòǹgbò títí tí kò fi ní nǹkan mọ́. Mùkúnà sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo nǹkan. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin ti ń fi í lé ẹ̀kan kúrò lórí ilẹ̀ àgbàdo wọn.

A kọ́kọ́ gé ẹ̀kan náà kanlẹ̀, kí mùkúnà má baà máa bá àgbàlagbà jà. A gbin hóró méjì-méjì láàárín ìlà àgbàdo. Irúgbìn tí a rí kò tó, ó wá ku àlà kan, ìyẹn abala ilẹ̀ kan, ní ìhà òkè tí a kò gbin mùkúnà sí. Inú mi bà jẹ́ nígbà náà. Mo padà dúpẹ́ lórí rẹ̀, torí pé àlà yẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa rí ìyàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan kò dùn ún wò. Mùkúnà ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dìde, ẹ̀kan tí a gé sì tún gún ilẹ̀ jáde. A padà lọ gé èyí tó yọrí ju mùkúnà lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn tí wọ́n kórè ìwọ̀nba àgbàdo tó wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Nígbà tí mo padà dé ní bí oṣù méjì lẹ́yìn ìgbìn rẹ̀, mi ò rí ilẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó tutù, ó ṣókùnkùn, ewé ẹ̀kan tí mo fà jáde ti di rúsúrúsú, ó rọ̀, ó gùn gbàlàjà bí ohun tó ń wá ọ̀nà àbájáde.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mùkúnà gbẹ, ó sì di ẹní lórí ilẹ̀. Ewu iná ló wá kù. Ẹní gbígbẹ yẹn, iná ẹyọ kan ló máa gbá a lọ, ẹ̀kan á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n gé ọ̀nà iná yí oko náà ká, ó gbòòrò tó kí èèyàn mẹ́ta lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iná wá lóòótọ́ láti oko kejì, ó dé ibẹ̀, ó dúró.

Àkókò ìgbìn kejì

Lọ́tẹ̀ yìí, a kò pe katakata. Níbi tí mùkúnà bò, a kàn ń fi ọ̀pá ṣí ẹní náà díẹ̀, a ń sọ irúgbìn sí i. Okùn ni a fi wọn ìlà: sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà sí ìlà, 50 láàárín kòtò sí kòtò, igi méjì-méjì nínú kòtò kan. Ó jẹ́ 53,333 igi lórí hẹ́kítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀gbọ́n ní ó há jù. Mo ní òun ni mo fẹ́, kí àgbàdo fúnra rẹ̀ tètè pa ilẹ̀kùn.

Ní àlà tí kò ní mùkúnà, a lo ọgbọ́n mìíràn. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún bí ọjọ́ 12 láìgbin nǹkan, kí èpò hù. Tẹ̀tẹ̀ hù, gbégi hù, imí eṣú hù, ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. A wá fi ọkọ́ há a lórí kìkì, kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí a má baà gbé èso èpò tuntun láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ọjọ́ kejì ni a gbin àgbàdo. Ọgbọ́n yìí dára fún èpò tó ń hù láti ara èso, ó dín tẹ̀tẹ̀ kù gan-an. Ẹ̀kan kò tiẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkankan.

Ẹni tó bá rò pé èso èpò á rà kúrò nílẹ̀ láàárín ọdún kan, kí ó gbọ́ ti William Beal, onímọ̀ nípa ewéko. Ní 1879, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ó ri ìgò 20 tó ní èso èpò nínú mọ́lẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa wú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò tí wọ́n wú ní 2021, lẹ́yìn ọdún 142, èso tó wà nínú rẹ̀ ṣì hù. Tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo tó rí àyè sì lè so èso tó lé ní 100,000. Nítorí náà, mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé bí wọ́n bá rí tẹ̀tẹ̀ tó ń yọ òdòdó, kódà bí àgbàdo ti gbó, kí wọ́n fà á kí wọ́n tó máa lọ sílé.

Fàtíláísà wọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan, a sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Iṣẹ́ ni, mi ò ní pa irọ́. Ṣùgbọ́n àgbàdo nìkan ló rí i jẹ. Ibì kan wà tí wọ́n kó igi àgbàdo àtijọ́ jọ gbìǹgbìn sí, àgbàdo ibẹ̀ pọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ tó ń jẹ igi gbígbẹ yẹn ti gba náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, tó wà níbẹ̀ fún ara wọn. A fi fàtíláísà díẹ̀ kún tibẹ̀, ó padà bọ̀ sípò. Lábẹ́ ẹní mùkúnà, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, torí pé ewé ẹ̀wà ní náítírójìn tirẹ̀.

Ríro àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ 16, nígbà tí ọmọ Ẹ̀gbọ́n kà á pé àgbàdo ti ní ewé mẹ́ta. Èmi kò sí níbẹ̀, òun ló ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ẹní mùkúnà, fífà ni wọ́n fà á, wọn ò lo ọkọ́. Àárọ̀ ọjọ́ oòrùn ni wọ́n ṣe é, kí èyí tí wọ́n tu gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Pàpàsán àti gbàgódògbó kò sí nínú ìyẹn. Ẹ fà wọ́n tu, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí òjò fọwọ́ kàn wọ́n báyìí, oríkèé gbàgódògbó á ti ta gbòǹgbò. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi kó wọn jáde pátápátá. Ríro kejì wáyé ní ọjọ́ 35, ó sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀kan nínú ohun tí a ṣe bà jẹ́, kí n má fi pamọ́. Mùkúnà ti wọ ọmọ Ẹ̀gbọ́n lójú débi pé kò lè dúró. Mo ní kó gbìn ín sáàárín àgbàdo tuntun bí àgbàdo náà bá ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ó gbin ìlà mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí ó tètè mókè. Ó mókè lóòótọ́. Ó gun àgbàdo, ó fi okùn rẹ̀ di wọ́n mọ́ra, òjò ńlá kan rọ̀ lóru ọjọ́ kan, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n rí i, wọn kò bínú. Wọ́n kàn wo ọmọ wọn, wọ́n ní, “Èyí ni kí ọ̀rọ̀ parí tí o ń wí.”

Ohun tí a bá níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kò gbé òṣùwọ̀n lọ sóko, mi ò sì ní hùmọ̀ iye kankan fún yín. Ohun tí mo fojú rí ni mo lè sọ. Níbi tí mùkúnà ti bo ilẹ̀, ẹ̀kan tó yọrí kò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ò ní lè fi ọwọ́ fà bó ṣe ń rìn kọjá, gbòǹgbò rẹ̀ sì kúrú, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ń já bí igi gbígbẹ. Àgbàdo ibẹ̀ ga jù mí lọ, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù nígbà tó yọ ọmọ. Ní àlà òkè, tẹ̀tẹ̀ kéré, àgbàdo sàn ju ti ọdún tó kọjá lọ nítorí ríro tó tètè dé, ṣùgbọ́n ẹ̀kan wà níbẹ̀ bó ṣe wà. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ìkórè: a so okùn mọ́ pákó gígùn kan lápá méjèèjì, a gbé e lé ẹ̀kan, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ṣẹ́, kò já. Èyí tí a bá gé máa ń yára hù padà, èyí tó ṣẹ́ tó sùn sílẹ̀ máa ń lọ́ra, ó sì fún mùkúnà láyè.

Iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé ọ̀nà yìí rọrùn kò tíì fi okùn wọn ìlà rí. Ìyàtọ̀ ni pé iṣẹ́ náà bọ́ sí iwájú, nígbà tí ó ṣì lè ṣe àgbàdo lóore.

Wàhálà méjì ló ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìmúmu ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí ẹ̀kan ti kúrò. Fífà kò ṣe é, torí pé ewé ló ń já síni lọ́wọ́, kóró rẹ̀ á kù nínú ilẹ̀, èyí tó so mọ́ ọn á sì jí. Òun náà kò fẹ́ òjìji, a ó rí i bí àgbàdo tó há yẹn àti mùkúnà bá bò ó fún àkókò ìgbìn kejì léra. Èkejì ni ẹ̀gbẹ́ oko, níbi tí ẹ̀kan oko kejì ti ń fi gbòǹgbò rìn wọlé lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lọ bá ẹni tó ni oko náà, ó ní òun kò rí nǹkan tó burú nínú ẹ̀kan òun. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọwọ́ mẹ́ta ní jíjìn, sí ààlà, wọ́n sì gbin òtìlí sí etí rẹ̀. Lánàá ni ọmọ Ẹ̀gbọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: gbòǹgbò funfun kan, orí rẹ̀ mú, tó yọ jáde láti ògiri kòtò náà, tó nà sínú afẹ́fẹ́.

“Bọ̀dá, ó ń wá ọ̀nà,” ló kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó gé e, kó sì padà lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.